Omi Tí Bàbá Pọ́ǹpù Ṣí Sílẹ̀

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, agogo mẹ́ta ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, nígbà tí bàbá mi àgbà bi mí ní ìbéèrè tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kírun dé láti mọ́sáláṣí, jàlàbíà funfun ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n sì jókòó sí pálọ̀ ilé wa ní Ìkòsí, nínú Kétu. Èmi ń lọ aṣọ iṣẹ́ mi lórí tábìlì.

"Àjọkẹ́," Bàbá ní, "ìwọ tó o ka kẹ́mísìrì ní yunifásítì. Omi tó mọ́ gaara, tí èèyàn ò rí ìdọ̀tí kankan nínú rẹ̀, ṣé ó lè jóni lára?"

Mo ní, "Ó lè jóni dáadáa, Bàbá. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú omi lojú ń rí."

"Bí òjò bá wá rọ̀ sórí eérú ìléru símẹ́ńtì ńkọ́? Tí wọ́n gba omi rẹ̀ jọ, tó wà lójú kan fún ọjọ́ púpọ̀, tó sì tòrò?"

Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé eérú yẹn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí eérú tí àwọn olọ́ṣẹ ń lò. Ẹrẹ̀ inú rẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti yọ́ mọ́ omi, bí iyọ̀ ṣe ń yọ́. Bó ti wù kó tòrò tó, yóò máa yọ̀ lọ́wọ́, yóò sì máa bó awọ ara. Mo ní bí omi ṣe mọ́ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú rẹ̀ rárá.

Bàbá tẹjú mọ́ ìka ara wọn. Wọn ò wò mí nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀.

"A jẹ́ pé èmi ni."

Bàbá ti kú báyìí. Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn sọ oríṣiríṣi nǹkan nípa wọn, òmíràn dùn gbọ́ ju bó ṣe rí lọ. Ohun tí mo fojú mi rí àti ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn nìkan ni mo fẹ́ kọ. Níbi tí kò bá dá mi lójú, màá sọ pé kò dá mi lójú.

Bàbá Pọ́ǹpù ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Àwọn tí kò mọ ìtàn rò pé torí pé wọ́n máa ń bá ará àdúgbò tún ẹ̀rọ kànga ṣe ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì kan tó wà lápá Ògùn ni wọ́n ti jogún orúkọ náà. Àwọn ni olórí àwọn tó ń fa omi jáde nínú kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì tí wọ́n sì kó wá sí Ìkòsí.

Ohun tí àlejò máa ń kọ́kọ́ ṣàkíyèsí lára wọn ni ìka wọn. Bàbá kì í lo omi kankan láìtọ́ ọ wò. Wọ́n á ti ìka bọ inú rẹ̀, wọ́n á fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra á bí ẹni tó ń wo bóyá aṣọ dáa, wọ́n á wá fi kan ahọ́n. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó fi ṣe àlùwàlá tàbí kí wọ́n jẹ́ kí Màmá, ìyàwó wọn, fi se oúnjẹ. Nígbà tí iná ọba bá lọ tí ẹ̀rọ kò lè fa omi, a máa ń rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ kẹ́ẹ̀gì kiri, Mọ̀lá ni a ń pè é. Ojoojúmọ́ ni òun àti Bàbá máa ń fa ọ̀rọ̀ kan náà.

"Bàbá, omi ni o, kì í ṣe góòlù," Mọ̀lá á ní.

"Bó bá jẹ́ góòlù ni, mi ò ní yẹ̀ ẹ́ wò. Góòlù ò lè wọ ikùn ọmọ mi."

"Ẹ ti tọ́ ọ wò lánàá. Ibì kan náà ni mo ti pọn ọ́n!"

"Àná ti lọ. Gbé e wá."

Màmá á pariwo láti ilé ìdáná: "Ẹ jẹ́ kó dà á o, ẹ̀wà mi ń jóná! Omi ni ìyálé mi nínú ilé yìí, mo ti mọ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí ìyálé wọlé."

Mọ̀lá á rẹ́rìn-ín títí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á fi máa mì. Bàbá kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á nu ìka wọn mọ́ aṣọ, wọ́n á sì sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: "Ojú ni omi lè tàn. Kò lè tan ìka."

Mo rò pé àṣejù àgbàlagbà ni. Ibi tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Ògùdù, yàrá ìdánwò ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá ni. A ní ẹ̀rọ tó ń sọ irú omi tó wà níwájú wa. Mo sọ fún Bàbá lọ́jọ́ kan pé ìka kì í ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n ní mo sọ òótọ́, wọ́n sì ti ìka wọn bọ omi.

Ìjà wọn kò ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń jà á lọ́dọọdún. Gọ́tà ni. Ẹni tó bá mọ Kétu mọ̀ pé bí òjò bá ti ṣú, àwọn kan á ti gbé pàǹtírí wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí omi bá ti ń ru bọ̀ nínú gọ́tà, wọ́n á dà á sí i. Bàbá á wọ bàtà rọ́bà, wọ́n á ṣí agboorùn, wọ́n á lọ dúró síta bí ọlọ́pàá. Ìyá Sùlíà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n máa ń mú jù.

"Ìyá Sùlíà! Kí lẹ dà síbẹ̀ yẹn?"

"Bàbá, omi máa gbé e lọ náà ni."

"Síbo?"

"Síbo kẹ̀? Ó ń lọ ni!"

"Mo ní síbo. Ẹ dárúkọ ilé ẹni tó ń lọ."

"Háà, Bàbá Pọ́ǹpù! Ṣé èmi ni gómìnà ni? Ẹ wọlé, òtútù á mú yín."

Gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé á bú sẹ́rìn-ín. Bàbá á mú ṣọ́bìrì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í hú pàǹtírí ọ̀hún jáde, òjò á sì máa pa wọ́n. Ojú máa ń tì mí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo ti dúró sí ojú fèrèsé tí mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Lóòótọ́, omi òpópónà wa kò dúró lọ́dọ̀ wa. Ìsàlẹ̀ ló ń lọ, sápá Máìlì Kejìlá, níbi tí odò máa ń kún wọ ilé àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ bàbá mi àgbà ni yóò máa gbé e sórí. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Omi ń kán lára fìlà wọn bí wọ́n ṣe dáhùn.

"Òjò kì í kó ìdọ̀tí dànù, Àjọkẹ́. Ó ń bá wa gbé e fún ẹlòmíì ni."

Lónìí mo rò pé ara wọn ni wọ́n ń bá wí lẹ́nu gọ́tà yẹn. Ṣùgbọ́n èrò mi nìyẹn. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Kí ẹni tó ń kà á tó mọ ohun tí Bàbá ṣe, ó yẹ kó mọ iṣẹ́ wọn. Bàbá fúnra wọn fi bàsíà àti ife ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí tábìlì ìjẹun, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ Jímọ̀ yẹn.

Bí wọ́n bá ń wa òkúta ẹfun, kòtò á jìn títí yóò fi kọjá ibi tí omi wà nínú ilẹ̀. Omi á máa sun láti ara ògiri rẹ̀, òjò á tún máa rọ̀ sí i lórí. Bí wọn ò bá fà á jáde, kòtò á di odò, iṣẹ́ á dúró. Pọ́ǹpù ló ń gbé omi yẹn lọ sínú adágún kan tí wọ́n gbẹ́. Funfun ló máa ń rí, bí ògì. Ẹrẹ̀ á lọ sísàlẹ̀, omi á ṣàn bọ́ sínú adágún kejì, á tún dúró níbẹ̀. Ìgbà tó bá tòrò ni wọ́n á ṣí i sínú odò kékeré tó gba abúlé ìsàlẹ̀ kọjá. Adágún kan tún wà lọ́tọ̀. Ẹ̀yìn òkè eérú ló wà, níbi tí wọ́n ń da eérú tí ìléru símẹ́ńtì ń yọ sí. Omi òjò tó bá fọ òkè yẹn, ibẹ̀ ló ń lọ, wọ́n sì máa ń fi wọ́n ojú ọ̀nà kí eruku má bàa sọ. Wọn kì í ṣí i sódò.

Òfin kan tún wà tó jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ pọ́ǹpù fúnra wọn. Kí wọ́n tó ṣí omi púpọ̀ sílẹ̀, láti adágún èyíkéyìí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí abúlé. Yóò lu agogo irin, yóò sì sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n kó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sódò kúrò, kí wọ́n sì pọn omi mímu wọn kó tó dé. Fùfú ni iṣẹ́ àwọn obìnrin ibẹ̀. Odò náà ló ń bá wọn rẹ ẹ̀gẹ́, òun ló ń jẹ́ kó rọ̀, kó sì kan.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mi ò tíì dé ayé. Òjò pọ̀. Bèbè adágún eérú bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ìsàlẹ̀ bèbè yẹn ni kòtò wà, àwọn èèyàn sì wà nínú kòtò tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá kò sí nítòsí. Bàbá bu omi adágún náà sínú ife, wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó tòrò. Wọ́n ní ó mọ́ ju omi tí àwọn ń mu lọ ní kọ́tà, ilé tí wọ́n ń gbé nínú ọgbà ilé-iṣẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣí géètì irin tó sé omi náà mọ́, ó ṣàn lọ sódò, bèbè sì rí ìsinmi. Wọn ò rán ẹnikẹ́ni lọ lu agogo.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Bàbá yí ife tó wà níwájú wọn po.

"Gbogbo ọjọ́ ayé wa lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ẹrẹ̀ ni ọ̀tá wa. Omi tí kò bá ti ní ẹrẹ̀, ọ̀rẹ́ la kà á sí. Mo ní kí la fẹ́ máa dààmú àwọn obìnrin fún nítorí omi tó mọ́?"

Nígbà tó yá, ìròyìn gòkè wá. Ẹ̀gẹ́ tó wà nínú odò kọ̀, kò rọ̀, kò sì kan. Ó pupa rúsúrúsú, ó ń yọ̀. Ẹja léfòó. Awọ bó lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ àwọn obìnrin tó wọ omi. Gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan odò sọ ohun kan náà: ó ń yọ̀ bí omi eérú. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń sẹ́ omi eérú ní abúlé yẹn. Obìnrin kan ni, Ìyá Ọlọ́ṣẹ, tó ń jó èèpo kòkó létí odò, tó ń fi eérú rẹ̀ àti àdín se ọṣẹ dúdú. Wọ́n ní òun ló da omi eérú rẹ̀ sódò. Wọ́n fọ́ ìkòkò rẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ se ọṣẹ mọ́, kò gbọdọ̀ dé etí odò mọ́, kò sì gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin jókòó mọ́.

Ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ni Bàbá ti gbọ́ ọ, níbi tí àwọn kan ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ni.

Mo bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni dán omi náà wò nígbà yẹn. Kò sí. Mo bèèrè bóyá ó ṣeé ṣe kí obìnrin náà ti da nǹkan sódò lóòótọ́. Bàbá ní ohun tí àwọn fi ń tu ara àwọn nínú nìyẹn láti ọdún yẹn wá: pé omi àwọn mọ́, eérú obìnrin náà ni kò mọ́. Wọ́n ti ń fi ìka tọ́ omi wò láti ìgbà náà, bí ẹni tó ń wá ẹ̀rí, àmọ́ wọn ò bi ẹni tó mọ̀ rí. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bi.

"Mo fẹ́ kó jẹ́ òun ni, Àjọkẹ́. Ibi tó burú sí nìyẹn."

Mi ò mọ bí mo ṣe lè gbé èyí. Owó iṣẹ́ yẹn ló rán bàbá mi níléèwé, bàbá mi ló sì rán èmi. Símẹ́ńtì tí ilé-iṣẹ́ ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi gún búlọ́ọ̀kù ilé tí mo jókòó sí tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá ní èmi kò sí níbẹ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni mo wà.

Bàbá ní àwọn fẹ́ lọ bá obìnrin náà. Wọ́n ti bèèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì, ó sì ní ó ṣì wà láyé. Bọ̀dá Ràṣídì, àbúrò bàbá mi tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Owódé Onírin, kò fẹ́ gbọ́.

"Bàbá, ta ló bi yín? Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí! Tí wọ́n bá lù yín ńkọ́? Tí wọ́n bá ní ká wá san nǹkan?"

"Ẹni tó yẹ kó bi mí ò mọ̀ pé mo wà."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé-iṣẹ́ ni? Ẹ gba àwọn tó wà nínú kòtò là. Ẹ̀yin lẹ yẹ kí wọ́n kí!"

"Mo gbà wọ́n là. Ta ni mo wá fi dípò?"

Bọ̀dá yíjú sí mi pé kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Mo bá wọn sọ̀rọ̀. Mo sọ pé kí a rọra. Mo ní a ò mọ bí omi náà ṣe pọ̀ tó, a ò mọ bí odò ṣe kún tó lọ́jọ́ yẹn, a ò sì lè fi ìdánilójú sọ pé òun nìkan ló fa gbogbo rẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ wádìí. Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo sọ. Bàbá wò mí, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú.

"Ọjọ́ Jímọ̀ lo ti dá ẹjọ́ yìí. Ó ti wá di ọ̀rọ̀ ẹ̀rí lónìí?"

Oṣù kan kọjá kí n tó gbà. Bọ̀dá Ràṣídì ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà. Ó wà síbẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ sì wà láyé.

A bá Ìyá Ọlọ́ṣẹ níwájú yàrá kan ní ìpẹ̀kun abúlé, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó ju Bàbá lọ lọ́jọ́ orí. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Mi ò rí wọn jókòó sílẹ̀ níwájú ènìyàn rí.

"Ìyá, èmi ni mo ṣí omi yẹn."

Ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lọ. "Omi wo?"

"Èyí tó ba ẹ̀gẹ́ jẹ́. Tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fọ́ ìkòkò yín. Ilé-iṣẹ́ ló ti wá. Ọwọ́ mi yìí ló ṣí i."

Ó dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. "Mo mọ̀ pé èmi kọ́. Lọ́jọ́ yẹn, eérú mi ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀, gbígbẹ. Mi ò tíì bu omi sí i. Mo sọ fún wọn, wọn ò wò ó."

"Ẹ forí jì mí."

"Ta lo tíì sọ fún?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀." Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí ìró rẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo fọ́ ìkòkò ara mi. Àwọn tó fọ́ ọ ni kó o lọ sọ fún."

Àwọn obìnrin ti lọ sóko lákòókò yẹn. Ọmọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ sọ fún wa pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń dé, àti pé ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, bíi tọjọ́ yẹn, ni ẹgbẹ́ máa ń pàdé ní ẹ̀yìn ọjà wọn. Bàbá ní àwọn á dúró de ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo ní kí á má dúró. Mo ní ilẹ̀ á ṣú bá wa lọ́nà, mo ní iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ Bọ̀dá kò ní iná iwájú tó dáa. Mo ní a máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá wọ ọkọ̀. Ní Bẹ́gà, wọ́n yíjú sí mi.

"Àjọkẹ́, etí tó yẹ kó gbọ́ ò sí níbẹ̀."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn alábòójútó ìjọba wá yẹ ilé-iṣẹ́ wa wò, mi ò ráyè. Lọ́sẹ̀ kejì, òjò ba ọ̀nà jẹ́. Bàbá kò yọ mí lẹ́nu. Wọ́n kàn máa ń bèèrè lálaalẹ́ Ọjọ́rú pé, "Ọ̀la ńkọ́?" Màá ní iṣẹ́ pọ̀. Wọ́n á ní ó dáa.

Ibi iṣẹ́ ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Màmá fi pè mí. Ohùn wọn balẹ̀, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. "Àjọkẹ́, máa bọ̀ nílé. Bàbá rẹ forí kanlẹ̀ lórí ẹní ìrun, wọn ò gbé e sókè mọ́."

Dókítà ní ọkàn ló dá iṣẹ́ dúró. Mi ò lè sọ pé bí a bá ti dúró de ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá pẹ́ sí i. Kò sí ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé wọn ì bá ti sọ ọ́. Agbára wà lára wọn lọ́jọ́ yẹn, ohùn wà lẹ́nu wọn, ìrọ̀lẹ́ náà kò sì jìnnà. Mo ti gbé e wò láti gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀, ibì kan náà ló ń dé.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, mo gba àyè níbi iṣẹ́. Bọ̀dá Ràṣídì ló gbé mi lọ. Kò sọ pé kí n má lọ, kò sì sọ pé kí n lọ. Ó dúró sínú ọkọ̀.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àtíbàbà páànù kan. Mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ ara mi, mo sì sọ ọ́ bí Bàbá ṣe sọ ọ́ fún mi: bèbè tó ń là, omi tó tòrò, géètì, agogo tí ẹnikẹ́ni kò lu. Wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ilé-iṣẹ́ ló rán ẹ?" ọ̀kan nínú wọn bèèrè.

"Rárá, mà. Bàbá mi àgbà ni."

"Àwọn náà dà?"

"Wọ́n ti kú, mà."

"Ẹ gbọ́ o!" ó ní, ó sì pàtẹ́wọ́. "Òkú ló rán ọmọ wá. Nígbà tí wọ́n wà láàyè, kí ló dí wọn lẹ́nu?"

Mo ní, "Èmi ni, mà. Wọ́n fẹ́ wá. Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró."

Obìnrin mìíràn tó dàgbà ju ti àkọ́kọ́ lọ na ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ọwọ́ yìí bó lọ́jọ́ yẹn. Mo wà lára àwọn tó lọ síbi ìkòkò. Ẹ̀rí wo lo ní pé bí o ṣe sọ ọ́ ló rí?"

Mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní ẹ̀rí mi kò pé: ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá ni, àti ohun tí mo kọ́ níléèwé nípa eérú. Mo ní omi ọjọ́ yẹn ti lọ, kò sí ẹni tó lè tún dán an wò. Mo ní ṣùgbọ́n eérú Ìyá Ọlọ́ṣẹ wà nínú apẹ̀rẹ̀ ní gbígbẹ, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nígbà náà.

"Ó sọ ọ́," obìnrin náà ní. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ padà. "Ó sọ ọ́ lóòótọ́."

Ìyá Ẹgbẹ́, olórí wọn, jókòó láàrin wọn. Ó rán ẹnì kan lọ pe Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ó pẹ́ kó tó dé, ọ̀pá ló fi ń rìn. Nígbà tó dé ibi tí òjìji àtíbàbà parí sí, ó dúró sínú oòrùn, kò wọlé. Gbogbo wọn ń wò ó, ó ń wo ilẹ̀. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Ẹgbẹ́ ní, "Ẹ sún."

Àwọn obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú sún. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bó ló dìde lọ fà á wọlé ní apá. Ìyá Ọlọ́ṣẹ jókòó.

Wọ́n wá ní kí n máa lọ, pé ọ̀rọ̀ kù tí kì í ṣe ti àlejò. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn mi, mi ò sì bèèrè. Kí Bọ̀dá tó fa ọkọ̀ kúrò, mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣì jókòó láàrin wọn.